Bí ẹ ṣe lè ya fíìmù obìnrin tó ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ láìjẹ́ kí ará ilé dá a mọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ṣe dọkumẹ́ńtárì lórí ẹ̀tọ́ obìnrin ti ń kùnà nìyí. Opó tí ẹbí ọkọ lé jáde nílé, tàbí ìyàwó tí ọkọ ń lù, gbà láti sọ̀rọ̀, àdéhùn sì ni pé ojú òun kò ní hàn. Wọ́n fi blur, ohun tó ń sọ àwòrán di bàìbàì, bo ojú rẹ̀, wọ́n yí ohùn rẹ̀ padà, fíìmù jáde. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti pè é lórí fóònù. Ojú kọ́ ló fi dá a mọ̀. Àǹkárá ọrùn rẹ̀ ni: aṣọ ẹbí ìsìnkú bàbá wọn, gbogbo agboolé ló ní i.

Àtifi ènìyàn pa mọ́ fún àjèjì kò nira. Ará ilé ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ẹni tó ti bá a gbé fún ogún ọdún, tó mọ bó ṣe ń wúkọ́, tó mọ bó ṣe ń ká ẹsẹ̀ lórí àga. Ẹni yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn láti ìpele kìíní dé ìparí.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Obìnrin méjì péré: ọ̀kan á di kámẹ́rà mú, á sì máa bi ìbéèrè, èkejì á mójú tó ohùn. Bí ẹ bá gba awakọ̀, kó já yín sílẹ̀ níbi tó jìnnà díẹ̀. Kò yẹ kó mọ ilé náà, kò sì yẹ kó rí obìnrin náà.
- Kámẹ́rà tàbí fóònù tó gbà kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí a ń gbé e lé.
- Máìkì kékeré tí a ń fi há aṣọ, àti hẹ́dífóònù.
- Aṣọ dúdú mẹ́ta, yáàdì mẹ́rin-mẹ́rin, àti aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan tó tó bo fèrèsé. Ẹ má gbàgbé pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ.
- Bùbá méjì tí kò ní àwòrán lára, dúdú tàbí aláwọ̀ eérú, kó tóbi, àti ìborùn kan náà bẹ́ẹ̀.
- Mẹ́mórì káàdì méjì tí ẹ ti fọ́ọ̀màtì, àti hard drive méjì tí ẹ ti fi pásíwọ́ọ̀dù tì. VeraCrypt, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tì í, ọ̀fẹ́ ni, ó sì tó.
- Ìwé kékeré kan. Nọ́ńbà ni ẹ ó máa kọ síbẹ̀, bí i “Obìnrin 3”. Orúkọ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.
- Owó ọkọ̀ rẹ̀ àti owó ọjà tó pàdánù lọ́jọ́ náà. Èyí kì í ṣe owó ìtàn. Ẹ sọ iye rẹ̀ fún un kó tó sọ̀rọ̀, kó má baà rò pé bí òun bá ti sọ ọ̀rọ̀ tó bani nínú jẹ́ tó ni owó yóò pọ̀ tó.

Ìpele 1: Ìyọ̀ǹda, láìsí kámẹ́rà nílẹ̀

Ẹ bá a pàdé ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó ya á. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé. Bí ó bá ṣì ń bá ẹni tó ń lù ú gbé, tí ìyà náà kò tíì dáwọ́ dúró, ẹ má ya nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ bá a wá ààbò: nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, wà fún agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́, ní Èkó sì rèé, ìjọba ní àjọ DSVA tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ipá inú ilé. Fíìmù lè dúró.

Ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹ bi í, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé ọ̀tọ̀, kì í ṣe inú ìwé kékeré yẹn:

1. Ta ni ẹ ò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ sọ̀rọ̀? Ẹ kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.
2. Bí wọ́n bá mọ̀, kí ni wọ́n lè ṣe?
3. Àwọn wo ló ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?
4. Fóònù wo ni kí a máa pè, ta ló sì tún máa ń gbé e yẹ̀ wò?
5. Ọjọ́ wo ni a ó fi ṣe òpin, tí ẹ ṣì lè sọ pé ẹ ò ṣe mọ́?

Ìdáhùn sí ìbéèrè kìíní ṣe pàtàkì ju ìwé tí yóò fọwọ́ sí lọ. Ojú àwọn tó bá kà yẹn ni ẹ ó fi máa wo gbogbo àwòrán yín títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ní ti ìbéèrè karùn-ún, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 2023, fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Ẹ sọ èyí fún un. Ẹ sì sọ òdodo tó kù: bí fíìmù bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, omi tó dànù ni, ẹlòmíràn ti lè gbà á sórí fóònù tirẹ̀. Bí ẹjọ́ rẹ̀ bá wà ní kóòtù, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò rẹ̀ mọ̀ kí ẹ tó ya ohunkóhun.

Ìwé ìyọ̀ǹda tó ní orúkọ àti ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá hard drive gbé inú àpò kan náà. Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò yín ni kó wà, tàbí inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ nílé ẹlòmíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún yín ibi tí fíìmù náà yóò ti jáde àti irú ẹni tó lè wò ó. Bí ó bá ní “ẹ̀yin àti àwọn ọ̀gá yín ló máa wò ó”, kò tíì yé e. Ẹ tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ìpele 2: Ibi tí ẹ ó jókòó, àti ohun tí yóò wọ̀

Ẹ má yà á nínú ilé rẹ̀, ẹ má sì yà á ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yàrá àyálò tí kò mọ̀ rí ló dára jù. Bí ó bá di dandan kó jẹ́ ilé ẹnì kan, ẹ yẹ ògiri wò dáadáa: kàlẹ́ńdà ìrántí òkú, àwòrán ìgbéyàwó, aago tí ìjọ pín. Ẹ wo orí tábìlì náà. Ike àti abẹ̀bẹ̀ tí a pín níbi òde máa ń ní orúkọ olóde àti ọjọ́ lára, kámẹ́rà òde òní sì ń ka lẹ́tà kéékèèké láti ìpẹ̀kun yàrá.

Aṣọ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú àwòrán, ì báà jẹ́ àdírẹ tó wọ́pọ̀. Ẹ fún un ní bùbá àti ìborùn tí ẹ gbé wá. Kó bọ́ òrùka, yẹtí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, aago ọwọ́ àti bàtà rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn bá ti ya ọwọ́ nìkan, ewu ti kúrò nílẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ náà dáadáa kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ obìnrin tó ti ń dín àkàrà láti kékeré ní àpá epo gbígbóná, ti aláró ní àmì aró lábẹ́ èékánná, ọmọ rẹ̀ á sì dá ìka tó rọ mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọwọ́. Ẹ̀yìn ọrùn tún rèé: gbẹ́rẹ́, àmì ìbí, irun tó dì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí ọwọ́ bá ní àmì, ẹ bò ó tàbí kí ẹ ya nǹkan mìíràn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi fóònù ya àwòrán kan láti ibi tí kámẹ́rà yóò wà, ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yí i wò láti igun dé igun. Gbogbo ohun tó bá ní orúkọ, nọ́ńbà, tàbí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ gbé e kúrò. Ẹ pa àwòrán náà rẹ́ lẹ́yìn náà, àti nínú àpótí ìdọ̀tí fóònù pẹ̀lú.

Ìpele 3: Òjìji

Ìmọ́lẹ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà á sì rí ìrísí rẹ̀ ní dúdú nìkan: èyí ló tọ́ sí àkókò yín jù lọ. Blur jẹ́ ohun tí a fi bo ojú tí a ti yà. Òjìji tó dára kò gba ojú wọ inú kámẹ́rà rárá, nítorí náà kò sí ẹni tó lè jí i gbé.

Ẹ wá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ń gbà wọlé, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò ó, kó má baà di pé ìta hàn. Ẹ gbé àga síwájú rẹ̀ ní nǹkan bí mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí obìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Kámẹ́rà á wà níwájú rẹ̀ ní mítà méjì sí méjì àbọ̀. Ẹ pa gbogbo iná inú yàrá. Ẹ fi aṣọ dúdú bo àwọn fèrèsé yòókù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ilẹ̀. Táì funfun àti ògiri tí wọ́n kùn ní funfun máa ń ju ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ dúdú kejì sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ẹ̀kẹta kọ́ sí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ̀yin náà, ẹ wọ aṣọ dúdú. Bùbá funfun lára ẹni tó ń bi ìbéèrè ń ṣe iṣẹ́ àtùpà.

Lórí kámẹ́rà, ẹ kúrò lórí auto, níbi tí kámẹ́rà ti ń yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lo frame (àwòrán) 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti shutter (àkókò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí) 1/50, nítorí 50 hertz ni iná mànàmáná Nàìjíríà, kí gílóòbù tó bá wà nítòsí má baà máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. ISO, ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, kó wà láàárín 100 sí 400. Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lára aṣọ fèrèsé, kì í ṣe lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ ibi fèrèsé lójú fóònù títí yóò fi tì í pa, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹ kò bá tì í, bí ó bá ti mira báyìí ni fóònù á ṣe bí ẹni ń ràn yín lọ́wọ́, á tan ojú rẹ̀ sí gbangba.

Ẹ má lo RAW, ẹ má sì lo log fún àwòrán yìí. Ọ̀nà ìgbàsílẹ̀ ni àwọn yẹn, wọ́n ṣe wọ́n kí ohun tó wà nínú òkùnkùn má baà sọnù, kí olóòtú lè fà á jáde. Ohun tí ẹ ò fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà. Imú, ètè àti àgbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ dà bí ìbuwọ́lù. Ará ilé á mọ̀ ọ́n kíá. Kó kọjú sí yín tààrà, kó sì fi ìborùn fẹ̀ níbi ẹ̀gbẹ́ orí kó má baà jẹ́ pé ìrísí irun rẹ̀ hàn. Ẹni tó ní pélé tàbí àbàjà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: ilà jìn, ìmọ́lẹ̀ kékeré látẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi hàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fa exposure (ìmọ́lẹ̀) àti shadows (ibi òkùnkùn) gòkè dé òpin. Bí ẹ bá rí ojú, imú, eyín tàbí ilà, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò ṣe rí i. Ẹ fi kún aṣọ dúdú, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ tún un yà. Dúdú oníhóró-hóró nìkan ni kó kù sí ibi tí ojú wà.

Ìpele 4: Ohùn

Ẹ há máìkì sí nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, lábẹ́ ìborùn. Lójú òṣùwọ̀n ohùn, ohùn tó ga jù kó wà láàárín −12 sí −6 dB. Kí ẹni tó wọ hẹ́dífóònù má bọ́ ọ rárá, nítorí ohun tó ń ṣọ́ ju ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ. Àdúgbò ní ohùn tirẹ̀: agogo ilé-ìwé, ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ ní aago kan náà lójoojúmọ́, mọ́sálásí tí gbogbo ènìyàn mọ ohùn mùẹ́sínì rẹ̀, alábàágbé tó ń ké pe “Ìyá Báyìí” láti ẹ̀yìnkùlé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dún, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró, kó kọjá, kó tún gbólóhùn náà sọ.

Ohùn tirẹ̀ gan-an ńkọ́? Àṣìṣe méjì ló gbòde. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kàn fa ohùn wálẹ̀ kó dún bí ti ọkùnrin. Ẹni tó bá ní Audacity, ètò títún ohùn ṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á fà á gòkè padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ohùn obìnrin náà á sì jáde bó ṣe wà. Èkejì ni ohùn bíi ti róbọ́ọ̀tì, èyí tó ń tẹ gbogbo ohùn pẹrẹsẹ. Ó lè ṣiṣẹ́ fún èdè mìíràn, ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ tẹ “wọ́n gba ọkọ̀ mi” pẹrẹsẹ, kí ẹ wá wo bóyá ẹnikẹ́ni lè sọ fún yín bóyá ọkọ̀ ni wọ́n gbà, tàbí ọkọ, tàbí ọkọ́ tó fi ń roko. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi omijé sọ á wá di àlọ́.

Ohun tó dájú ni kí obìnrin mìíràn tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Kí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, kí ó má jẹ́ ará ìlú kan náà. Kó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ níwájú yín nìkan, kó sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ibi tó ti sinmi àti ibi tó ti mí kanlẹ̀, láìfi ẹkún kún un. Ẹ̀ka èdè ni kí ẹ ṣọ́ níbí. Bí obìnrin náà bá ń sọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ará Ìjẹ̀bú nínú agboolé ọkọ rẹ̀, ẹ̀ka èdè yẹn ti dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan bóyá kí ẹ gbé e sí Yorùbá gbogboogbò.

Ẹ kọ ọ́ sójú fíìmù pé ohùn ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti obìnrin náà. Òǹwòran ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Àwọn oníròyìn máa ń jẹ́ kí ohùn àkọ́kọ́ máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ohùn ògbufọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀rọ títo fíìmù, kí ẹ tó gbé fáìlì jáde, ẹ pa ohùn kejì lẹ́nu mọ́, kí ẹ gbọ́ bóyá ohunkóhun kù lábẹ́ rẹ̀.

Ìpele 5: Ọ̀rọ̀ inú ọ̀rọ̀

Ìyá ọmọ ni a máa ń fi orúkọ ọmọ pè, orúkọ ọmọ yóò sì bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ fẹnu kò: “àkọ́bí mi”, “ọmọ mi obìnrin”, “ìlú ọkọ mi”. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fífi “pííì” bò ó lẹ́yìn náà. Ẹni tó mọ ìdílé náà yóò ka iye sílébù tó sọnù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà tú àṣírí, àkópọ̀ ni. Opó pọ̀. Opó tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì kò pọ̀. Opó tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ tírélà, tó sì kú nínú oṣù Ọ̀wàrà, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹ kọ gbogbo òkodoro inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ẹ fi orúkọ àwọn tó kà fún yín ní ìpele kìíní sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì bi ara yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló mọ èyí? Ẹ yọ ọ́ títí àkópọ̀ tó kù yóò fi bá obìnrin púpọ̀ mu. Ẹ yọ ọ́ ni mo wí, ẹ má yí i padà. Ẹni tó fi iṣẹ́ mìíràn tàbí ìlú mìíràn dípò ti kúrò nínú dọkumẹ́ńtárì, ó ti wọ inú eré oníṣe.

Ohun tí ẹ yọ kúrò nínú ìtàn rẹ̀, òfin lè dí àyè rẹ̀, nítorí òfin kò ní ojú tí a óò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lò ó bó ṣe yẹ. Àwọn kan ń fi ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti 2014, Ukeje àti Ukeje, sí abẹ́ ìtàn opó Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí àṣà Ìgbò kò jẹ́ kó jogún bàbá rẹ̀ ni ìdájọ́ yẹn dá lé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀; ìyàwó ni àṣà kò fún ní ogún ọkọ, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà sì tẹ̀ lé àṣà yẹn nínú ẹjọ́ Akinnubi ní 1997. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe, òfin mìíràn ló ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè náà, “irú ìgbéyàwó wo ni ẹ ṣe?”, gbọ́dọ̀ wà nínú ìbéèrè yín.

Ìpele 6: Fáìlì

Kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ náà, ẹ pa location kámẹ́rà fóònù yín, ẹ sì pa Google Photos tàbí iCloud tó ń gbé àwòrán lọ sókè fúnra rẹ̀. WhatsApp máa ń yọ àmì ibi tí a ti ya àwòrán bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí “document”, gbogbo rẹ̀ á bá a lọ. Fáìlì obìnrin yìí kò ní ohun tó ń wá lórí WhatsApp lọ́nàkọnà.

Ẹ da fáìlì sórí hard drive méjì tó ní pásíwọ́ọ̀dù, ẹ ṣí méjèèjì wò, kí ẹ tó fọ́ọ̀màtì káàdì. Bí fíìmù bá parí, ẹ fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń kọ àṣẹ fún, yọ àwọn àmì (bí i ibi àti ọjọ́ tí a yà á) tó fara pamọ́ sínú rẹ̀:

`ffmpeg -i fiimu.mp4 -map_metadata -1 -c copy fiimu_mimo.mp4`

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ̀rọ títo fíìmù ń pa mọ́ fúnra rẹ̀: proxy (ẹ̀dà kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́) àti cache (ẹ̀dà ìgbà díẹ̀). Èèyàn lè ti fáìlì pa dáadáa kí ojú obìnrin náà sì wà ní kedere nínú fódà cache.

Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju blur lọ, bí àpẹẹrẹ fọ́nrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀, ẹ má lo àwọn àpótí kéékèèké tó ń mì. Àwọ̀ kan ṣoṣo tó di pátápátá ni kí ẹ fi bò ó, kó gba orí, etí àti ọrùn. Nínú DaVinci Resolve, tó jẹ́ ẹ̀rọ títo fíìmù, ẹ fi Power Window (ìlà tí a fà yí ibi kan ká) yí i ká, ẹ jẹ́ kí tracker, ohun tó ń tọpa ibi tí ojú ń lọ, tẹ̀ lé e síwájú àti sẹ́yìn, kí ẹ wá fi ojú ara yín wo gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin jẹ́ àwòrán 6,000. Ibi tí ọwọ́ bá ti kọjá níwájú ojú ni tracker ti máa ń sọnù, frame kan ṣoṣo tó sì ṣí sílẹ̀ ti tó fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń dá fíìmù dúró.

Ìpele 7: Kó tó jáde

Obìnrin náà ni kó kọ́kọ́ wò ó, pẹ̀lú ẹnì kan tó fúnra rẹ̀ yàn nínú àwọn tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi hàn wọ́n láìsí ohùn, lẹ́yìn náà ohùn láìsí àwòrán, lẹ́yìn náà méjèèjì pọ̀. Ẹni tó yàn yẹn ni kí ẹ bi pé: “Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un yín, kí ni ẹ ò bá fi mọ̀ ọ́n?” Ohun tó bá dárúkọ, ẹ lọ yọ ọ́, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ má lọ fi han ará àdúgbò láti dán an wò.

Fúnra yín ni kí ẹ yan àwòrán tí YouTube yóò gbé síwájú, torí ó lè mú èyíkéyìí fúnra rẹ̀. Ẹ ṣètò comment kó máa dúró de ìyọ̀ǹda yín kó tó hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tú orúkọ síta. Bó bá jẹ́ níwájú èrò ni ẹ ó ti fi fíìmù hàn, bí i iREP, àjọ̀dún fíìmù dọkumẹ́ńtárì ní Èkó, ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀ fún ìbéèrè “níbo ló wà báyìí?”: “Kò sí nínú ohun tí a lè sọ.” Ẹ má fi ẹ̀rín tẹ̀ lé e, ẹ má sì ní “ó wà nítòsí ibí”.

Ẹ sọ ọjọ́ tí yóò jáde fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó lè pinnu ibi tí òun àti àwọn ọmọ yóò wà lọ́jọ́ náà. Ẹ pè é lórí fóònù tí ẹ fẹnu kò sí lọ́jọ́ kejì tó jáde, ní ọjọ́ keje, àti lẹ́yìn oṣù kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ tún orúkọ tó kà fún yín ní ìpele kìíní kà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jókòó sí àyè rẹ̀, kí ẹ wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá parí èyí, ẹ fa ìwé tí ẹ kọ àwọn orúkọ yẹn sí ya, ẹ sun ún, ẹ da eérú rẹ̀ nù.